Irun Kannakánná Irin

Ọjọ́ tí ọkọ mi gba irin àyà, àmì iṣẹ́ ọlọ́pàá, ni wọ́n gé irun rẹ̀. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí ọlọ́pàá kankan ní irun gígùn. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ọ́fíìsì, òyìnbó kan sì fi àlùmọ́gàjí gé irun tí mo dì fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, tọ̀tún tòsì, pẹ̀lú awọ tí mo fi wé ìdí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá gba oúnjẹ ìjọba dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n ń wò ó.

"Ta ló kú nílé yín?" Ọ̀kan nínú wọn ló pariwo bi í bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwa tí a ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìkan ló ń gé irun. Ọkọ mi dìde lórí àpótí náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa irun rẹ̀ nílẹ̀, ó kó o sínú ẹ̀wù, ó sì gbé e wá fún mi nílé. Mo fi aṣọ wé e, mo kì í bọ abẹ́ ibùsùn.

Kangi Maza ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Kannakánná Irin. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé kannakánná ti rí irin tó ń wá kiri. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú un gba iṣẹ́ náà kò pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: àwọn ọlọ́pàá ń gba oúnjẹ ju àwa yòókù lọ díẹ̀. Ọdún yẹn ni ìjọba dín ẹran wa kù. Màlúù tí wọ́n ń pín fún wa, awọ rẹ̀ ń yí lórí egungun bí ẹ̀wù tí a yá wọ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ti pọ́n létí bí irin tó dípẹtà. Kòkòrò wà nínú ìyẹ̀fun. Lákọ̀ọ́kọ́ a máa ń sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá a ò sẹ́ ẹ mọ́, nítorí ohun tó ń kù kì í tó jẹ. Àgbàdo tí wọ́n ní ká gbìn jóná mọ́lẹ̀ kó tó yọ ọmọ. Ẹfọ̀n ti tán pátápátá. Ọdẹ tó bá jáde, ehoro ló ń mú bọ̀, ìgbà mìíràn kò ní mú nǹkan kan bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé nínú àgọ́ kánfáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onígi wa, létí odò kékeré kan tí omi rẹ̀ korò. Wakinyela ni wọ́n ń pè é, àdàbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Hinziwin. Irun ọmọ náà kò dúdú bíi tiwa. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bíi koríko tí oòrùn ti pa, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Nígbà tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, ikọ́ kan jà ká gbogbo etí odò, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọdé rí èémí mí. Hinziwin wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi di dúdú, ó sì kú sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Baba Wasu, ẹni tó mọ ètò nǹkan wọ̀nyí ní àdúgbò wa, gé irun díẹ̀ ní orí ọmọ náà. Ó fi èéfín koríko olóòórùn dídùn wẹ̀ ẹ́, ó wé e sínú awọ ọmọ àgbọ̀nrín, ó sì fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀mí ọmọ wà nínú ìdì náà. Wakinyela yóò tọ́jú rẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Ní gbogbo àkókò náà, yóò máa fún un lóúnjẹ, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba àárín ìdì àti iná kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ jà, kò gbọdọ̀ parọ́. Bí ọdún bá pé, yóò fi gbogbo ohun tó ní ta àwọn èèyàn lọ́rẹ, yóò fún wọn lóúnjẹ, yóò sì gbé ìdì náà jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí yóò ti gbéra, yóò gba ọ̀nà funfun ojú ọ̀run lọ síhà gúúsù, lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láìtọ́jọ́ kò ní mọ ọ̀nà. Yóò máa rìn káàkiri ni, bí ọmọ tó sọnù lójú ọ̀nà ọjà.

Èmi ni mo ń gé ẹran fún un ní gbogbo ọdún yẹn. Ó máa ń jókòó, ó ń fi ẹ̀gún òòrẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sára àwọn bàtà awọ tí yóò fi ta àwọn èèyàn lọ́rẹ. Bó bá kan ibi tó yẹ kí wọ́n gé awọ, á nà án sí mi láìsọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í wo ojú arábìnrin rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ti dàgbà. Ọ̀wọ̀ ni. Kò sí ẹni tó ṣe pàtàkì sí i tó arábìnrin rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi bá a sọ ọ̀rọ̀ lásán. Nítorí náà, bí ọkọ mi bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, á kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, á sì sọ ọ́ fún mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀rùn ló wọlé bẹ́ẹ̀. Kò tíì bọ́ irin àyà rẹ̀.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àṣẹ kan ti dé. Ìjọba ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀mí mọ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí gbogbo ìdì gbọ́dọ̀ di títú."

Mo yíjú sí Wakinyela, tí kò jìnnà sí i ju ibi tí ọwọ́ lè dé lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní..."

"Mo gbọ́, Ìyàwó. Etí mi ò tíì di. Bi í pé ìgbà wo."

"Ó ní ìgbà wo?"

"Kí oṣù tí ewé ń já bọ́ tó parí."

Wakinyela fi ẹ̀gún òòrẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. "Yìnyín ló ń bọ́ nígbà tí ọmọ mi kú. Bi àbúrò mi bóyá òyìnbó tí wọ́n ní ká máa pè ní Bàbá ní ọ́fíìsì yẹn kò mọ oṣù kà ni?"

"Sọ fún un pé ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Oṣù tiwa ni kì í kà."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ ọkọ mi. Ó ń fi ìka yí irin àyà náà sọ́tùn-ún, yí i sósì.

"Bi í pé ta ni wọ́n rán láti wá tú u," ni Wakinyela wí.

Mo bi ọkọ mi. Ó ní, "Èmi ni wọ́n fi etí odò yìí lé lọ́wọ́."

Wakinyela mú ẹ̀gún òòrẹ̀ mìíràn, ó fi í sẹ́nu kó lè rọ̀.

"Sọ fún àbúrò mi pé mi ò ní bá a jà. Mi ò gbọdọ̀ jà. Mi ò sì ní parọ́. Bí wọ́n bá wọ inú àgọ́ yìí tí wọ́n bi mí pé ìdì dà, màá tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó gbé e jáde."

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi gun ẹṣin láti àgọ́ dé àgọ́ létí odò. Àwọn tí ọdún wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sáré ṣe tiwọn bí agbára wọn ṣe mọ. Àwọn mìíràn kàn gbé ìdì jáde, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ìyá arúgbó kan tí ń tọ́jú ẹ̀mí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wo ọkọ mi láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ìwọ ni ọmọ tí mo fún ní ọbẹ̀ nígbà tí ebi fẹ́ pa á?"

"Èmi ni, Ìyá àgbà."

"Ọbẹ̀ mi ṣòfò."

Ọkọ mi sọ eléyìí fún mi nígbà tó dé, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìròyìn dé ọ́fíìsì pé Kannakánná Irin ń tú ìdì ẹlòmíràn, kò tú ti ilé tirẹ̀. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọ̀kan lára wa ni òun náà, Pogehanska ni à ń pè é, nítorí imú rẹ̀ gùn. Ó ránṣẹ́ pé òun fúnra òun ń bọ̀ wá wò ó bí wọ́n bá ń tú u. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ dé, ọkọ mi ní kí n gbé irun òun wá.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìdì."

Ó yé mi kí ó tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ìdì mìíràn ló fẹ́ tú dípò ti ọmọ. Ẹni tó ti kú là ń gé irun rẹ̀ wé sínú awọ. Ẹ̀mí ẹni ló ń wọ ibẹ̀. A kì í ṣe é fún alààyè, àní nínú eré pàápàá.

"Fi irun ẹṣin ṣe é."

"Orí ẹṣin ni Pogehanska dàgbà sí. Yóò mọ̀ ọ́n kí n tó tú u tán."

"Fi tèmi ṣe é nígbà náà."

"Tìrẹ?" Ó wò mí. "Bí o bá lọ, ta ni yóò máa gé ẹran fún ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kangi, o ò gbọdọ̀ ṣe é. O mọ ohun tó jẹ́."

"Ìyàwó mi, wọ́n ti gé mi bí òkú láti ọjọ́ tí mo jókòó sórí àpótí yẹn. Ohun tí wọ́n ti gé ni mo fẹ́ lò." Ó mú díẹ̀ nínú irun náà, ó jókòó síbi iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Ó fi èéfín wẹ̀ ẹ́ bí Baba Wasu ṣe ń ṣe. Mo ní kò yẹ kó ṣe ìyẹn, kó kàn wé e lásán. Ó ní bí òun bá fẹ́ parọ́ fún ìjọba, òun kò ní parọ́ fún koríko. Kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tí Pogehanska dé, òjò tó dàpọ̀ mọ́ yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọkọ mi pàdé rẹ̀ níta.

"Inú ilé tèmi ni ìdì wà. Ara ẹ̀gbọ́n mi kò yá, àgọ́ rẹ̀ sì ń jò."

Pogehanska yíjú sí àgọ́ náà. Èéfín ń jáde lórí rẹ̀. "Àgọ́ tó ń jò, iná sì ń jó níbẹ̀ dáadáa báyìí?"

"Ẹ ti mọ ẹ̀gbọ́n mi. Òjò ló ń bẹ̀rù rẹ̀."

Pogehanska fi ọwọ́ nu omi kúrò ní imú rẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bó bá yà sọ́tùn-ún, àgọ́ ni. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé wa.

Ọkọ mi gbé oúnjẹ síwájú ìdì náà. Ó sọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Nígbà tó dìde láti gbé e jáde, Pogehanska sún sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ohun tó ń lọ lè rí àyè kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi jáde sínú òjò, ó tú awọ náà, irun sì hàn, ó dúdú, ó nípọn.

Pogehanska tẹjú mọ́ ọn. Ó mọ Hinziwin. Ó ti gbé e sórí ẹṣin rí.

Ó ní, "Irun ọmọ yẹn ti dúdú o."

"Ó ti pẹ́ nínú awọ," ni ọkọ mi wí.

Ọ̀gá náà gbójú sókè, ó wo orí ọkọ mi tí wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀ lọ sí ọrùn. Ọ̀gá náà bọ́ fìlà ìjọba tó dé.

Ó ní, "Ẹni tó bá ń lọ, kó rìnnà ire." Lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ fún ọkọ mi, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbọ́, "Arákùnrin, ṣé o mọ ohun tí o ṣe?"

"Ẹ kọ ọ́ pé a ti tú u."

"N ó kọ ọ́."

Wọ́n jọ gun ẹṣin lọ nínú òjò náà, nítorí àgọ́ ṣì kù lókè odò tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé.

Gbogbo etí odò gbọ́ pé Kannakánná Irin tú ẹ̀mí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Kò lè sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á kẹ̀yìn sí i. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ dàgbà ké tẹ̀lé e níbi tí a ti ń gba oúnjẹ pé, "Kannakánná, ojú òkú lẹyẹ yín kọ́kọ́ ń jẹ, àbí?" Ó gbé àpò ìyẹ̀fun tirẹ̀ léjìká, ó sì ń lọ. A kò sọ nǹkan kan fún Wakinyela, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá bi í, kò ní lè parọ́. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ọ̀gá wá, ó sì lọ, ìdì ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Kò béèrè. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàtà awọ kan tó tóbi tó ẹsẹ̀ ọkùnrin, ó sì fi ẹ̀gún òòrẹ̀ pupa sí i ju ti ìyókù lọ.

Ìgbà tí ọkọ mi ti òkè odò dé ni òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà. Ó rò pé yóò lọ. Kò lọ. Nígbà tí omi odò bẹ̀rẹ̀ sí í dì létí, kò lè dìde mọ́. Mo se ewé fún un, mo fi òkúta gbígbóná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Baba Wasu wá, ó kọrin lé e lórí, ó wo ojú rẹ̀, ó sì lọ jókòó síta.

Wakinyela ń wá lójoojúmọ́. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́, nítorí kò gbọdọ̀ sáré, àní láti inú àgọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń kú. Á jókòó, á kọ ẹ̀gbẹ́ sí i bó ṣe yẹ.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi," ni ọkọ mi wí lọ́jọ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti há. "Sọ fún un pé bí mo bá kú, kí wọ́n má gé irun mi tọ́jú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní..." Mi ò lè parí rẹ̀.

"Kí ló túmọ̀ sí, Ìyàwó?"

Mo wo ọkọ mi. Ó mi orí pé kí n sọ ọ́. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, irun tó wà lábẹ́ ibùsùn, èéfín koríko, Pogehanska tó sún sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Wakinyela fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Bi í pé ta ló rán an níṣẹ́."

"Sọ fún un pé àdàbà kan ni," ni ọkọ mi wí. "Ó ń ké jù. Kò jẹ́ kí n sùn."

Wakinyela fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó dìde, ó rọra rìn padà lọ síbi ìdì ọmọ rẹ̀.

Ọkọ mi kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Mo gé irun mi, mo fi ọ̀bẹ ya apá mi, bí aya ṣe ń ṣe. Wọ́n sin ín sórí òkè bí ìjọba ṣe fẹ́, sínú ilẹ̀. Àwọn tó wá kò pọ̀. Baba Wasu kò gé irun kankan ní orí rẹ̀. Ó ní òun kò lè tọ́jú ohun tó ti lọ.

Ó yẹ kí arábìnrin gé irun rẹ̀ fún arákùnrin. Ó yẹ kó ya ara rẹ̀, kó sun ẹkún tí wọn yóò gbọ́ ní ìsàlẹ̀ odò. Kò sí ọ̀fọ̀ kankan lọ́dọ̀ wa tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wakinyela dúró létí kòtò náà pẹ̀lú irun rẹ̀ ní dídì, apá rẹ̀ láìní ojú ọgbẹ́ kankan. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Wò ó. Kò tilẹ̀ gé tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tọ́ sí i, ẹni tó tú ọmọ rẹ̀ ká." Wakinyela náà gbọ́ ọ. Mo rí bí ìka rẹ̀ ṣe wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Bó bá fọwọ́ kàn án, a jẹ́ pé lásán ni ọkọ mi lọ.

Bó ṣe wà nìyẹn títí ọdún Hinziwin fi pé. Àwọn ṣọ́jà ti pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà, wọ́n pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì. A kò lu ìlù, a kò kọrin sókè. Èmi ni mo gún wasna, ẹran gbígbẹ tí a pò mọ́ ọ̀rá àti èso igbó. Ẹran ìjọba ni, ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo pe àwọn obìnrin díẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán. Nígbà tí wọ́n wọ àgọ́ tí wọ́n rí ìdì náà níbi tó wà láti ọjọ́ kìíní, obìnrin tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi lórí òkè jókòó sílẹ̀ lójijì, ó fi aṣọ bo orí.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin jẹ oúnjẹ ẹ̀mí. Kò ju òkèlè kan lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lá ìka wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ dìde, ẹnì kan ṣí ìlẹ̀kùn àgọ́. Pogehanska ni. Kò fi irin sáyà. Ó gbé itan màlúù kan sílẹ̀, ó jókòó sápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Baba Wasu.

Wakinyela gbé ìdì náà sáyà. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Pogehanska sún sẹ́yìn bó ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìta kan awọ náà, Baba Wasu sọ̀rọ̀ kan lábẹ́lẹ̀, ó sì parí. Ìyá tú u. Irun náà kéré, ó pọ́n bíi koríko tí oòrùn ti pa. Yìnyín ń bọ́ sórí rẹ̀.

Ó fi gbogbo ohun tó ní tọrẹ, títí kan ìkòkò, títí kan kánfáàsì àgọ́ náà fúnra rẹ̀. Bàtà ọkùnrin tó ní ẹ̀gún pupa ló kù. Ó nà án sí Pogehanska.

"Ẹsẹ̀ mi tóbi ju ti àbúrò yín lọ, Arábìnrin."

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó gbà á, ó fi í sínú ẹ̀wù.

Nígbà tí wọ́n ti lọ tán, a gun òkè lọ, èmi àti òun. Yìnyín ti bo ibojì náà, a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí orí wà. Ó na ọwọ́ sí mi láìwò mí, bó ṣe máa ń ṣe bó bá kan ibi tó yẹ kí wọ́n gé awọ. Mo fi ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́.

Ó gé irun rẹ̀ láti ìdí, tọ̀tún tòsì. Ó ká aṣọ apá rẹ̀ sókè, ó ya á, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí yìnyín. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀ náà gan-an. Mo ti ń dúró kó sọ ohun tí yóò ní kí n sọ fún ọkọ mi.

"Kangi," ó pè é. "Àbúrò mi. Ọmọ ti lọ. Bó o bá rí i lójú ọ̀nà, di ọwọ́ rẹ̀ mú."